Kónílé Ó Gbélé ní Wọ́ọ̀dù Wa

Ọjọ́ ìdìbò nìkan ni ariwo ọkọ̀ máa ń dákẹ́ lójú títì márosẹ̀ tó gba Ìbafò kọjá. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, èèyàn á máa gbọ́ àkùkọ tó ń kọ ní òdìkejì títì, á sì máa gbọ́ ohùn àwọn ọmọdé tó ń gbá bọ́ọ̀lù níbi tí tírélà ti sáré kọjá lánàá. Mo fẹ́ràn ìdákẹ́jẹ́ yẹn gan-an nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé láti Agége. Lónìí, tí mo bá ti gbọ́ ọ, ojú ló máa ń tì mí.

Wọ́ọ̀dù tí mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí ò sí mọ́. Wọ́n ti tún ààlà fà, wọ́n sì ti pa á pọ̀ mọ́ òmíràn tó tóbi jù ú lọ. Nígbà tó ṣì wà, ìtàn ìbò rẹ̀ ò gùn rárá. Àwọn ìdílé tí a bá níbẹ̀, tí wọ́n ti ń dáko kí ẹnikẹ́ni tó ronú àtito búlọ́ọ̀kù, sọ fún mi pé iwájú mọ́sálásí ni wọ́n gbé àpótí ìbò sí nígbà àkọ́kọ́, àti pé gbogbo ẹni tó tò síbẹ̀ ló mọ orúkọ ara wọn. Onítípà kan, ọmọ bíbí ibẹ̀, ló wọlé kánsẹ́lọ̀. Ó tún wọlé lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà tó yá, àwa ará Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í ya dé, láti Agége, láti Múṣin, láti Oṣòdì. A ra ilẹ̀, a kọ́lé, a kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, a gbé géètì sẹ́nu àdúgbò bí ẹni pé àwa la ni ayé. Èrò pọ̀ títí ilé fi gba gbogbo oko, síbẹ̀ iye ìbò ò pọ̀ sí i. Onítípà ṣì ń wọlé, àwọn èèyàn rẹ̀ àtijọ́ náà ló ṣì ń dìbò fún un. Kò yé ẹnikẹ́ni nínú wa, a kàn ń ṣàròyé pé onítípà ti jẹ gàba lé wa lórí.

Ẹni tó kọ́kọ́ gbójúgbóyà láti bá a du ipò náà ni Màmá Nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, ilé wọn ò jìnnà sí tiwa. Odò kékeré kan ló wà láàrin àwa àti títì márosẹ̀, pákó la sì tẹ́ lé e lórí. Tí òjò bá rọ̀ dáadáa, odò á kún, á gbé pákó lọ, aboyún tó bá ń rọbí lọ́jọ́ náà ò sì ní rí ọ̀nà dé ọsibítù. Ọ̀dọ̀ Màmá Nọ́ọ̀sì ni wọ́n ń gbé wọn lọ. Inú pálọ̀ wọn ni wọ́n ti gbẹ̀bí ọmọbìnrin mi àkọ́bí, lọ́jọ́ kan tí òjò ò dá. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè mí ní "Bàbá ọmọ mi." Ṣùgbọ́n aboyún kan tún wà tó kú sí wọn lọ́wọ́, tí odò ò jẹ́ kí wọ́n rí ibi gbé e gbà. Wọn kì í sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, àmọ́ gbogbo wa mọ̀ pé torí rẹ̀ ni wọ́n ṣe jáde. Ìlérí kan ṣoṣo ni wọ́n ṣe: tí àwọn bá wọlé, àwọn ò ní sinmi títí ìjọba á fi ṣe afárá sórí odò yẹn.

Èmi ni wọ́n ní kí n bá àwọn ṣe ìpolongo láàrin àwa onílé. Inú mi dùn bí ẹni tí wọ́n fi ṣe gómìnà. Mo ra fìlà tuntun, mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń di gbohùngbohùn mú, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn láti géètì dé géètì. "Ṣé ẹ máa dìbò fún Màmá?" "Ah, ta ló tún kù yàtọ̀ sí Màmá?" "Ṣé ẹ ní káàdì?" "A ní." Nínú ìpàdé àwọn onílé, mo dìde gìrì, mo ní, "Ẹ̀yin láńlọ́ọ̀dù mi, ẹ jẹ́ kí Màmá rí káàdì yín!" Gbogbo wọn na káàdì sókè. Màmá Nọ́ọ̀sì wò yíká, wọ́n bọ́ awò ojú wọn, wọ́n nu ún. Wọ́n ní, "Ẹ ṣé o. Ọwọ́ tí mo fi gba ọmọ yín sáyé náà ni mo máa fi ṣiṣẹ́ yìí."

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ìyàwó mi bi mí léèrè nílé ìdáná pé, "Ṣé a lè fi káàdì Agége dìbò níbí ṣá?" Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní ṣebí bíi káàdì báńkì ni, ibi tó bá wu èèyàn ló ti lè lò ó. Mo sọ ọ́ pẹ̀lú ìdánilójú débi pé kò bi mí mọ́. Ẹ wo irú èmi! Látìgbà tí a ti kó dé, mi ò tíì dìbò rí, àmọ́ èmi ni mo ń kọ́ gbogbo àdúgbò ní ìdìbò. Agége la ṣì ń pè nílé nígbà náà. Tí a bá ń lọ kí ìyá mi, a ó ní à ń lọ sílé. Tí a bá ń padà bọ̀ wá síbi tí ibùsùn wa wà, a ó ní à ń lọ sí Ìbafò.

Nígbà tí ọjọ́ ìdìbò pé, rédíò kéde kónílé ó gbélé, àfi tí èèyàn bá fẹ́ lọ dìbò. Àwọn ọmọ onílùú ti jí dé iwájú ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, wọ́n mú àwọn ìyá wọn arúgbó dání, wọ́n jókòó sórí àpótí ìjókòó, wọ́n ń ṣàwàdà. Nínú ẹ́sítéètì tiwa, òórùn ẹyin díndín ló gba òfuurufú. Mo kan géètì aládùúgbò mi kan, ó yọjú pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, kónílé ó gbélé ni wọ́n pè é nau. Èmi ni onílé, mo sì ti gbélé." Mo bẹ̀ ẹ́ títí tó fi wọ aṣọ. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe kó wọn jọ, tí a tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ lọ sílé ẹ̀kọ́, tí èmi sì wà níwájú pẹ̀lú fìlà mi.

Ọmọbìnrin òṣìṣẹ́ ìdìbò gba káàdì mi, ó wo ìwé rẹ̀, ó tún wo káàdì. Ó ní, "Ẹ ò sí níbí, sà. Agége lẹ ti rẹ́jísítà."

"Báwo ni mi ò ṣe ní sí níbí?" Mo nawọ́ sí òkè. "Ilé mi ló wà lọ́hùn-ún yẹn!"

"Ilé yín lè wà lọ́hùn-ún, sà. Ìbò yín wà ní Agége."

Mo gbọ́ bí àwọn tó wà lẹ́yìn mi ṣe ń yọ káàdì wọn wò. Ẹnì kan ní, "Múṣin." Òmíràn ní, "Ah, Alímọ̀ṣọ́ ni tèmi." Àwọn ọmọ onílùú ń wò wá, wọn ò tiẹ̀ rẹ́rìn-ín. Màmá Nọ́ọ̀sì dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, wọ́n gbọ́ gbogbo rẹ̀. Màmá ti gba káàdì tiwọn síbí látọjọ́ pípẹ́, wọn ò sì rò pé ó yẹ kéèyàn máa kọ́ àgbàlagbà nírú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí wọ́n ń ka ìbò sókè, ohùn ẹni tó ń ka ti Màmá ò tíì gbóná tó fi dákẹ́. Ti onítípà ń lọ ṣáá. Nígbà tí wọ́n kà á tán, onítípà fúnra rẹ̀ wá dọ̀bálẹ̀ fún Màmá, ó ní, "Màmá, ẹ pẹ̀lẹ́. Ọlọ́run gbọ́, mo rò pé ẹ máa nà mí ni." Ìtìjú tó bá mi lọ́jọ́ yẹn, mi ò rí irú rẹ̀ rí. Mo sáré tẹ̀ lé Màmá, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lójú ọ̀nà pẹ̀lú fìlà tuntun mi.

Wọ́n ní, "Ẹ dìde, láńlọ́ọ̀dù. Nígbà tí ibí kì í ṣe ilé yín, báwo lẹ ṣe fẹ́ dìbò?"

Wọn ò fi ìbínú sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ "láńlọ́ọ̀dù" yẹn ló dùn mí jù, torí wọn ò pè mí ní "Bàbá ọmọ mi" mọ́ láti ọjọ́ náà.

Mo gbé káàdì mi wá sí Ìbafò lẹ́yìn ìyẹn. Nígbà tí ìdìbò mìíràn dé, mo tò láàárọ̀ kùtù, ṣùgbọ́n Màmá ò jáde mọ́, mo sì tẹ̀ka fún ẹnì kan tí mi ò mọ̀. Kò pẹ́ sí i ni wọ́n pa wọ́ọ̀dù náà rẹ́. Kánsẹ́lọ̀ tí a ní báyìí ń gbé lápá ibòmíràn, mi ò sì rò pé ó ti fojú rí odò wa. Pákó ṣì ni. Tí odò bá gbé e lọ, a ó tún wá òmíràn tẹ́.

Lọ́jọ́ kan lẹ́nu àìpẹ́ yìí, èmi àti ọmọbìnrin mi bá Màmá Nọ́ọ̀sì pàdé létí odò náà. Ọ̀pá ni wọ́n ń tẹ̀ báyìí. Ọmọ náà kúnlẹ̀ kí wọn, ó ní, "Mà, mo ti gba káàdì ìdìbò o." Èmi gan-an ò mọ̀ pé ó ti lọ gbà á.

Màmá bi í ní ìbéèrè tí mi ò rántí bi ẹnikẹ́ni ní gbogbo àdúgbò. "Káàdì ibo?"

"Ibí ni, mà. Ṣebí ibí lẹ ti gbà mí sáyé."

Màmá di ọwọ́ rẹ̀ mú kí wọ́n lè jọ kọjá. Nígbà tí wọ́n dé àárín pákó, Màmá yíjú padà sí mi, wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ìbò mi ti dé," ni wọ́n wí. "Ó kàn pẹ́ lọ́nà ni."

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo di etí pákó náà mú fún wọn títí wọ́n fi kọjá, torí mi ò mọ ibi tí mo tún lè gbé ojú mi sí.