Etí Mi àti Ìsàlẹ̀ Odò

Ẹ má bínú sí bí mo ṣe ń kọ̀wé. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, ọ̀rọ̀ ò sì yá mi lẹ́nu láwùjọ. Bó ṣe wá sí mi lọ́kàn ni mo kọ ọ́.

Yanrìn la máa ń kó nísàlẹ̀ odò tó wà lẹ́yìn Kuta. Ọkọ̀ á dúró lójú omi, a ó ri ọ̀pá oparun gígùn mọ́lẹ̀, a ó mí kanlẹ̀, a ó sì gbé garawa tọ ọ̀pá náà lọ sísàlẹ̀. Bàámi ló kọ́ mi. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ bá wọn lọ, òwú tí mo fi òrí pa ni mo fi dí etí méjèèjì, bí Mámi ṣe máa ń dí i fún wa tí wọ́n bá fẹ́ wẹ̀ wá. Bàámi rí i, wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

"Mutiá, ṣé o fẹ́ kí omi kan òwú mọ́ ọ létí bí ìṣó ni?" Wọ́n yọ ọ́ dànù. "Bó o ṣe ń lọ sísàlẹ̀ lomi á máa tẹ etí. Di imú, pa ẹnu dé, kó o fẹ́ ẹ jẹ́jẹ́ títí etí á fi dún pó. Má dúró dìgbà tó bá ń dùn ọ́ o."

"Tí kò bá dún ńkọ́?"

"Kó o gòkè padà. Ṣé yanrìn lẹ́sẹ̀ tó máa fi sá lọ ni?"

Mo mọ̀ ọ́n ṣe, mo sì fẹ́ràn rẹ̀. Nísàlẹ̀ níbẹ̀, kò sẹ́ni tó ń sọ pé kí n gbóhùn sókè.

Lọ́jọ́ kan, ọ̀pá tí mo dì mú yẹ̀, mo já lọ sísàlẹ̀ omi kí n tó ráyè fẹ́ etí. Nǹkan ya nínú etí òsì bí aṣọ. Òyì kọ́ mi, n ò mọ òkè yàtọ̀ sí ìsàlẹ̀ mọ́. Bọ̀dá Raṣídì tó ni ọkọ̀ ló fà mí jáde. Dókítà ní awọ etí ti lu, kí n má wọ omi títí yóò fi dí. Tó bá tún lu, etí náà lè má gbọ́rọ̀ mọ́ rárá.

Mo wà nílé ní Ìwó títí òjò fi lọ. Àárò odò sọ mí. Mo máa ń dùbúlẹ̀ sórí ẹní, kí n di ẹ̀mí mú, kí n ṣe bí ẹni pé mo ń tọ ọ̀pá lọ.

"Mutiá, ṣé o ṣì wà láyé?" Mámi á pariwo láti ìdí iná.

Nígbà tó yá, dókítà wò ó, ó ní etí ti jinná. "O lè padà síṣẹ́. Àmọ́ tí ọ̀fìnkìn bá ti ń ṣe ọ́, má wọ omi o." Mo pe Bọ̀dá Raṣídì lórí fóònù.

"Ọmọ ẹja! Àwọn ẹja ń béèrè rẹ lọ́wọ́ wa. Máa bọ̀ lọ́la."

Ọyẹ́ ti dé nígbà yẹn. Ní ìrọ̀lẹ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sín. N ò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gun ọ̀kadà lọ sí Kuta. Nínú ọkọ̀, mo tẹ ọwọ́ bọ omi, ó tutù, ara mi ń fà sí i bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ. Mo yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo di imú, mo fẹ́ ẹ. Etí ọ̀tún dún. Tòsì ò dún. Mo tún fẹ́ ẹ jẹ́jẹ́, kò dún. Mo gbé garawa mi fún Bọ̀dá Raṣídì, mo lọ jókòó sí ẹ̀yìn ọkọ̀, mo sì ń gba yanrìn lọ́wọ́ àwọn tó ń yọrí látinú omi.