Áńténà Tó Kọjú sí Èkó

Hùnpè, tó ń tún rédíò ṣe ní Agbálátà, ní kò sí áńténà olóríkunkun tí òun kò lè tẹrí ẹ̀ ba. Ó gun òrùlé Ìyá Sènámì, ó ń yí ọ̀pá ọparun bí ẹni ń ro ẹ̀kọ.

"Ṣé ó ti mọ́, Ìyá Sènámì?"

"Ó mọ́, àmọ́ Faransé ni wọ́n ń sọ!"

Ó yí i kúrò lápá Kùtọnu, ó kọjú ẹ̀ sí Èkó. Sójà abikùn-bẹ̀ǹbẹ̀ kan yọ kedere lójú tẹlifíṣọ̀n, ó ní kí mẹ̀kúnnù tún fún ìgbànú mọ́ra díẹ̀ sí i. Hùnpè wú bí ọ̀pọ̀lọ́ lórí páànù.

"Hùnpè, jọ̀ọ́, dá a padà sí Kùtọnu. Irọ́ tí a ò gbọ́ sàn ju èyí tí a gbọ́ lọ."