Ẹni Tó Ń Fi Àjẹ̀ Kan Òpó

Orí òpó nilé-ìwé wa ní Abereke wà lójú omi, ọkọ̀ sì làwọn ọmọ ń wà wá. Ẹni tó bá gúnlẹ̀ á fi àjẹ̀ kan òpó, èmi á sì dáhùn láti òkè pé, "Wọlé!" Ará òkè-ilẹ̀ ni mí, mo bá àṣà náà níbẹ̀ ni. Nígbà tó yá, mo ti ń dá wọn mọ̀ kí n tó rí ojú wọn. Ọ̀kan wà tó máa ń pẹ́ dé ṣáá. Á kàn án lẹ́ẹ̀mejì wéré, á wá fi ẹnu àjẹ̀ wọ́ òpó náà, gbooro.

"Ṣé ẹja ló dá ọ dúró lọ́nà ni?"

"Tíṣà, ẹja ò mọwọ́ mẹsẹ̀. Omi ló ń fà sẹ́yìn."

Ó dàgbà, ó di sójà. Nígbà tí ìjà bẹ́ sílẹ̀ lójú odò agbègbè wa, odò tó mọ̀ náà ni wọ́n rán an sí. Wọ́n yìnbọn lu ọkọ̀ wọn. Wọ́n rí òkú àwọn yòókù. Wọn ò rí tirẹ̀. Nínú ẹbí wọn, wọn kì í sunkún ẹni tómi gbé títí á fi dé ilé. Ìyá rẹ̀ gbé ẹkún mì. Ó ń yan ẹja rẹ̀ lọ, ojú rẹ̀ gbẹ bí ẹja ọ̀hún.

Àárọ̀ ọjọ́ kan, kùrukùru bo omi, n kò rí afárá pákó tí mo dúró lé. Mo gbọ́ ọ: kó, kó, gbooro.

Ẹnu mi yá ju ọkàn mi lọ. "Wọlé!"

Mo wo ìsàlẹ̀. Kò sí ọkọ̀. Òpó náà sì rin gbindin níbi tí àjẹ̀ ń bà.

Láti ìgbà náà, kò sí àárọ̀ kùrukùru tí kì í wá. Mo lọ sọ fún ìyá rẹ̀.

"Ṣé ẹ dáhùn ni?"

"Mo dáhùn, Ìyá."

"Háà, Tíṣà ará òkè! Ta ní ń dá ẹni tí kò rí lóhùn nínú kùrukùru? Ẹ ti ní kó wọlé, báwo ni yóò ṣe délé mi?" Ẹ̀rín kékeré bọ́ lẹ́nu rẹ̀. "Ọmọ tó pẹ́ títí ayé rẹ̀, ẹ wò ó tó ń dé ṣáájú agogo! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lu agogo ìjáde fún un."

Nígbà tó tún kàn án, n kò dáhùn. Mo lu agogo. Mo ní, "Ó tó, ọmọ mi. Máa lọ sílé."

Ìró àjẹ̀ rọra jìnnà lórí omi. Ó ṣe díẹ̀, mo gbọ́ ọ lódìkejì, lábẹ́ ilé ìyá rẹ̀: kó, kó, gbooro.

Ìyá ò ní kó wọlé. Ẹkún ló fi dá a lóhùn.