Kóòsé Tí Mo Fi Ṣe Ayé

Òórùn atalẹ̀ àti kànáfùrù ló máa ń jí mi ní ilé wa ní Sakasaka, àdúgbò kan ní Tamale, ní ilẹ̀ Ghana. Màámi á ti se kókó, ògì jéró tiwa níbí, wọ́n á sì ti din kóòsé, tí í ṣe àkàrà. Lẹ́yìn ìrun àsùbáà, Bàbá á jókòó tì wọ́n, wọ́n á jọ máa mu kókó, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ títí oòrùn á fi yọ. Láti kékeré la ti mọ̀ pé ẹnikẹ́ni kì í dá sí wọn lásìkò yẹn.

Bí ìwọ náà bá ti jáde yunifásítì, o mọ bó ṣe ń rí. Mo ti kẹ́kọ̀ọ́ nípa ilẹ̀ ayé, mo ti sìnlú, iṣẹ́ ò sì yọjú. Kì í ṣe pé wọ́n ń bá mi wí nílé. Bí wọn kò ṣe bá mi wí gan-an ló ń tì mí lójú.

Nígbà náà ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó wà ní Màléṣíà àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní Toronto ń du Màámi. Oníkálukú fẹ́ kí wọ́n wá lo oṣù díẹ̀ lọ́dọ̀ òun. Orúnkún Bàbá kò gba ìrìn-àjò. Lọ́jọ́ Àìkú kan, lẹ́yìn ìrun aìlà ọ̀sán, a pe àwọn ẹ̀gbọ́n mi méjèèjì pọ̀ lórí fóònù, wọ́n ní kí n fi ìlú méjèèjì wéra.

"Màámi, omi ńlá kan ń já láti orí àpáta níhìn-ín," ẹ̀gbọ́n mi obìnrin sọ. "Ẹ ò ní gbàgbé ẹ láé."

"Kí wọ́n lọ wo omi nínú òtútù?" ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin dá a lóhùn. "Oòrùn tibí dà bíi ti Tamale, mọ́sáláṣí tó rẹwà pọ̀, èso sì wà."

"Èso wo? Èyí tó ń rùn yẹn?"

"Alákọ̀wé, dá sí i," ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin sọ fún mi. "Ìwọ tí o ò kọjá Accra rí."

Màámi kò rẹ́rìn-ín. Orúnkún Bàbá ni wọ́n ń wò. "Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ọmọ mi. Ó jọ pé ilé tó mi."

Mo mọ̀ pé ó wù wọ́n láti lọ. Kò sí ọkọ̀ òfuurufú tó ń kọjá lórí ilé wa tí Màámi kì í gbójú sókè wò. Ìgbà yẹn ló yé mi pé kò sẹ́ni tó tíì sọ̀rọ̀ nípa àárọ̀ Màámi àti Bàbá. Mo mú kóòsé kan tó ṣẹ́ kù, mo gbé e sínú oòrùn tó ń gba ẹnu ọ̀nà wọlé.

"Ayé rèé," mo sọ. Yorùbá mi ń kọsẹ̀. Mo rọra yí i. "Màléṣíà ni oòrùn kọ́kọ́ ń dé, kó tó kàn wá, kó tó wá kan Toronto. Tí Bàbá bá kírun àsùbáà tán, ọ̀gànjọ́ ni ní Toronto, Màámi, ẹ ó ti sùn. Ṣùgbọ́n ọ̀sán ni ní Màléṣíà, ẹ ó máa múra aìlà. Ẹ lè pe Bàbá nídìí kókó, kí ẹ jọ sọ̀rọ̀ bí ẹ ṣe ń ṣe."

Màámi wojú Bàbá, Bàbá sì mi orí pé kí wọ́n lọ.

"Ó dáa, mo gbà," ẹ̀gbọ́n mi obìnrin sọ. "Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ mi ló kàn."

Bàbá gba kóòsé lọ́wọ́ mi. "Ìlọrin tí a ti wá ńkọ́, apá ibo ló wà?" Mo fi ìka hàn wọ́n. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ayé náà láti apá kejì.

Màámi lọ sí Màléṣíà. Láràárọ̀, èmi ni mo ń gbé fóònù dání: oòrùn ọ̀sán á wà lójú Màámi, ilẹ̀ ò ní tíì mọ́ tán lọ́dọ̀ wa, Bàbá á sì máa ráhùn pé kókó tí mo sè kò ta lẹ́nu. Iṣẹ́ kò tíì dé, ẹ̀rù sì ń bà mí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan, àlejò kan bi Bàbá léèrè ohun tí mo kà ní yunifásítì. Mo ti fẹ́ sá wọlé.

"Ibi tí oòrùn ń gbà ló kà," Bàbá dáhùn. "Òun ló wá ibi tí ìyá rẹ̀ lè lọ, tí mo ṣì ń gbọ́ ohùn ìyàwó mi láàárọ̀."

Mo dúró síbẹ̀, mo gbé orí sókè. Tí wọ́n bá bi mí lónìí, ìdáhùn Bàbá náà ni mo máa ń fún wọn.