Ẹni Tó Ń Wúre fún Bàálù

Láàárọ̀ ọjọ́ tí mo rí ìyàwó mi kẹ́yìn, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù, ó ń ṣí téèpù kúrò lára apá súwẹ́tà rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ní Turin, ní Italy, ni kí ó máa fi bébà àti téèpù bo fèrèsé bàálù kí wọ́n tó kùn ún. Láwọn ọdún 1990 yẹn, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú ń pààrọ̀ orúkọ àti àwọ̀ léraléra.

Bí ọ̀dà tuntun bá ti gbẹ, á fọwọ́ kan ikùn bàálù náà, á ní, "Ẹ̀mí á lò ó o!" bí a ti ń wí fún aláṣọ tuntun.

Mo fi ṣe yẹ̀yẹ́. "Irin lò ń kí?"

"Baálé mi, ṣé irin ló máa jókòó sínú ẹ̀ ni?"

Àwọn ará Italy tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ náà kọ́ ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu rẹ̀.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ó ṣubú ní ọjà Porta Palazzo níbi tó ti ń dúró de ọkọ̀ tíráàmù, kò sì dìde mọ́. Nígbà tí àwọn ará ibi iṣẹ́ rẹ̀ wá kí mi, ọ̀gá wọn di ọwọ́ mi mú, ó wá Yorùbá kan ṣoṣo tó mọ̀, ó ní, "Ẹ̀mí á lò ó." Mo dúpẹ́.

Lẹ́yìn tí wọ́n lọ, ó ku èmi àti ọmọbìnrin wa kékeré. N kò mọ bí mo ṣe máa dá tọ́jú rẹ̀. Ní ọjọ́ Ajé, ó mú kóòmù wá kí n bá òun ya irun.

"Papà, fa male!" Ó ní ó ń dun òun.

"Pẹ̀lẹ́, ìyá mi."

Mo di irun náà sí méjì. Ó wọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ náà gbé e lọ sí ilé-ìwé.