Linux Tí Mo Gé Kúrú Jù

Aṣọ ni mo ń sá lẹ́yìnkùlé wa ní Kemta nígbà tí fóònù mi dún. Ẹ jẹ́ kí n ròyìn ohun tí mo fọwọ́ ara mi ṣe!

Ìwé mẹ́wàá ni mo kà mọ, àmọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mo ń ṣe. Inú kọntéénà ni mo ń fi ètò àwọn oníbàárà mi sí: àpótí kékeré tó ní ìwọ̀nba Linux, ètò ìpìlẹ̀ tó ń darí kọ̀ǹpútà, tí ètò náà nílò. Oṣù mẹ́ta ni mo fi ṣe Linux tèmi fún àwọn àpótí yìí. Mo ń bi fáìlì kọ̀ọ̀kan pé: ta ló ń lò ọ́? Èyí tí kò bá ní ìdáhùn, mo yọ ọ́. Kódà, mo yọ shell, ibi tí a ti ń tẹ àṣẹ! Ó kéré, ó sì yá.

Àná ọjọ́ náà ni mo gbé ètò Àlàájà, aláró ní Ìtòkú, sínú rẹ̀. Ètò yẹn ló ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ sọ aago tí oníbàárà yóò wá gba àdìrẹ.

Àlàájà ló pè. Ìyàwó ojú ọ̀nà kan láti Òwu ti dé láti aago mẹ́sàn-án, aṣọ rẹ̀ ṣì tutù lórí okùn. “Aago mẹ́wàá ni mo tẹ̀, Ìyá Dúpẹ́. Ta ló yí i padà?” Wọ́n ní bí n kò bá tún un ṣe lọ́jọ́ náà, àwọn yóò padà sí ìwé àkọsílẹ̀ àwọn.

Mo gun ọ̀kadà lọ sí Ìtòkú. Bí Àlàájà bá kọ Linux mi, ta ni yóò tún gbà á?

Mo fẹ́ wọ inú àpótí náà wò. Shell tí mo yọ ńkọ́? Mo dìde, mo jókòó, mo tún dìde. Ìyàwó náà ní ṣé èèrà wà lórí àga ni!

Mo bá mú àkọsílẹ̀ ohun tí mo yọ, mo ń kà á ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Àṣé mo ti yọ fáìlì tó ń sọ pé aago tiwa fi wákàtí kan ṣáájú ti àgbáyé; ìyẹn ló sọ mẹ́wàá di mẹ́sàn-án! Ìdánwò tí mo ṣe nílé kò béèrè aago rárá. Mo dá a padà, mo sì fi àtẹ̀jíṣẹ́ tuntun ránṣẹ́ sí àwọn mẹ́ta tí wọn kò tíì wá.

Ohun tó ń ṣiṣẹ́ láìpariwo, ìgbà tí a bá yọ ọ́ ni a ń mọ̀ pé ó wà. Ẹ̀yin ńkọ́, kí lẹ ti yọ rí tó wá dùn yín? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀, mo fẹ́ kà á.

Bí mo ṣe ń palẹ̀ mọ́, Àlàájà bi mí pé fáìlì mélòó ni mo yọ lápapọ̀. Mo ní igba ó lé mẹ́tàlá.

Wọ́n ní: “Ó wá ku igba ó lé méjìlá. Ta ló tún máa jókòó de ìyẹn?”