Ìpín Ọ̀sẹ̀ Tí Alàgbà Fẹ́ Fò

Ìsinmi ni mo wà nígbà tí wọ́n pín ètò ẹ̀sìn tuntun kan ní ilé iṣẹ́ rédíò wa ní Ìdó. Ẹnì kan ní mùsùlùmí ni òun, òun ò lè ṣe é. Ẹnì kejì ní pásítọ̀ òun ò ní fẹ́ kí òun bá ìjọ mìíràn da nǹkan pọ̀. Ẹnì kẹta, tí kì í lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tí kì í sì í lọ sí mọ́ṣáláṣí, ní ẹ̀rí ọkàn òun ò gbà á. Ẹ̀rí ọkàn yìí kan náà gbà fún un láti máa fi ọkọ̀ ilé iṣẹ́ gbé ìyàwó rẹ̀ lọ sọ́jà, ṣùgbọ́n kò gba Tórà. Bí mo ṣe wọlé lọ́jọ́ tí mo padà, máníjà gbá mi léjìká, ó ní, “Dúpẹ́, ìwọ la bá fún. Ó bá ohùn rẹ mu.” Báyìí ni wọ́n ṣe máa ń fi ẹni tí kò sí nílé joyè.

Ìjọ kékeré kan tó ń pa Sátidé mọ́ ní Ọ̀yẹ́ ló ni ètò náà. Wọn kì í ṣe Júù. Ọmọ Èkìtì ni wọ́n, wọ́n ń jẹ iyán bíi tiwa, ṣùgbọ́n bí àwọn Júù ṣe ń ka Tórà, ìyẹn ìwé márùn-ún ti Mósè, ni àwọn náà ń kà á. Wọ́n ti gé e sí ìpín-ìpín, ìpín kan fún ọ̀sẹ̀ kan, tó fi jẹ́ pé wọ́n á kà á tán láàárín ọdún kan, wọ́n á sì tún padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ní àràárọ̀ Ọjọ́bọ̀, Alàgbà Fátúnlà, olùkọ́ ìjọ náà, á wá jókòó tì mí nídìí ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Á sọ ìtàn inú ìpín tó ń bọ̀ ní Sátidé, á fa ẹ̀kọ́ yọ nínú rẹ̀ fún tọkọtaya, fún ọmọ ìyá, fún àna àti aládùúgbò. Iṣẹ́ tèmi ni láti máa béèrè ìbéèrè bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan. Mo mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa, nítorí n kò mọ nǹkan kan lóòótọ́. Lẹ́yìn náà, àwọn olùgbọ́ á pè wá lórí fóònù.

Òṣìṣẹ́ àgbẹ̀ ìjọba ni Alàgbà kó tó fẹ̀yìn tì. Ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn àgbẹ̀ Òmù bí wọ́n ṣe ń tọ́jú kòkó, kò sì tíì ṣíwọ́ ẹ̀kọ́ kíkọ́ni láti ìgbà náà. Tí o bá kí i pé ẹ káàárọ̀, ó lè fa ẹ̀kọ́ mẹ́ta yọ nínú rẹ̀ kó tó dáhùn. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ wa, mo bi í pé ṣé kò lè máa yan èyí tó dùn fún wa, pé ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ni àwọn olùgbọ́ fẹ́ràn.

Ó wò mí bí ìgbà tó bá rí kòkó tó ti bu. “Ọmọ mi, ẹnikẹ́ni kì í yan ìpín. Ibi tí a bá dé ni a dé. Bí a bá dé ibi ẹ̀tẹ̀, ẹ̀tẹ̀ la máa kà.”

A sì ka ẹ̀tẹ̀. Ọ̀sẹ̀ yẹn, ẹnì kan ṣoṣo ló pè wá, obìnrin kan láti Ìkọ̀lé tó fẹ́ mọ irú ọṣẹ tí àlùfáà fi wẹ aláìsàn náà.

Agídí lásán ni mo pe òfin yìí títí ọkùnrin kan fi gun alùpùpù wá láti Ọ̀tùn láti wá bá wa jà. Kí ẹ lè mọ ohun tó bí i nínú, ní ọ̀dọ̀ wa, kò sí ibi tó dà bí orí pẹpẹ fún bíbú ènìyàn tí kò ní lè fèsì. Bí ìwọ àti oníwàásù bá jà láàárín ọ̀sẹ̀, wàá gbọ́ ìwà rẹ nínú Bíbélì tó bá di Sọ́ńdè, ọ̀rọ̀ náà á wá dà bíi pé Ọlọ́run ló sọ ọ́. Ọkùnrin yìí ní ìyàwó méjì. Ọ̀sẹ̀ tí a ka ti Jékọ́bù, tó fẹ́ràn Rákélì tí kò sì ka Léà sí, ó dá a lójú pé òun ni a ń fi rédíò bú.

“Ta ló sọ fún yín pé n kì í jẹ oúnjẹ ìyáálé mi?” Ohun tó kọ́kọ́ sọ nìyẹn, kò tilẹ̀ kí wa.

Alàgbà ṣí ìwé rẹ̀ fún un. Ó fi ibi tí a kà ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá hàn án, àti ibi tí a máa kà ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, pé títò ni wọ́n tò ó, pé bí wọ́n ṣe ń kà á kárí ayé nìyẹn. Ọkùnrin náà yẹ̀ ẹ́ wò, ó ronú díẹ̀.

“Ó dáa. Ta ló wá sọ fún Mósè?”

Ó padà sí Ọ̀tùn pẹ̀lú ìfura sí Mósè. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn oṣù díẹ̀, obìnrin kan pè láti ìlú yẹn, ó ní kí a bá òun dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá tó ń ka ìwé, pé ọkọ òun ti ń jẹ oúnjẹ òun. Kò dárúkọ. Ìgbà náà ni mo rí ọgbọ́n tó wà nínú títẹ̀lé ìwé bó ṣe tò. Nígbà tó jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò yan ọ̀rọ̀, ẹnikẹ́ni kò fi bú ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá bá ara rẹ̀ pàdé níbẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló lọ jókòó síbẹ̀.

Èmi náà ìbá ti di áńgẹ́lì, bí gbígbọ́ bá ń sọni di áńgẹ́lì. Mo ti gbọ́ ẹ̀kọ́ Ábúráhámù lórí gbígba àlejò, mo sì ṣì ń pa iná pálọ̀ tí mo bá gbọ́ ohùn àbúrò ọkọ mi lẹ́nu ọ̀nà. Lówùúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, mo ń kọ́ gbogbo àríwá Èkìtì ní sùúrù. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, ọkọ mi á ní kí n tún sọ èyí tí mo sọ lórí rédíò, kí òun lè fi wé èyí tí òun ń gbọ́ nílé.

Alàgbà náà ní ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ti dúró dáadáa nínú ìwé. Lọ́dọọdún, tí Kérésì bá ti ń súnmọ́lé, a máa ń dé ìpín tí Júdà ti súnmọ́ Jósẹ́fù. Àwọn ẹ̀gbọ́n ti ta Jósẹ́fù lẹ́rú láti kékeré. Ó ti wá di alágbára ní Íjíbítì, wọn ò sì dá a mọ̀ mọ́. Ó fẹ́ gba àbíkẹ́yìn wọn dúró. Júdà wá dìde láàárín àwọn yòókù, ó súnmọ́ ọn, ó sì bẹ̀ ẹ́. Ibẹ̀ ni Jósẹ́fù ti bú sẹ́kún tó sì jẹ́wọ́ ara rẹ̀. Ìtàn tó yẹ kó mú gbogbo ilé sunkún, Alàgbà á sáré kà á kọjá bí ẹni tí òjò ń lé. Mo bi í lọ́dún kan pé, “Bàbá, ṣebí Júdà ni ẹ̀gbọ́n. Ṣé àgbà wá lè máa lọ bẹ àbúrò?”

“Júdà ò mọ̀ pé àbúrò òun ni,” ó dáhùn. “Ìjòyè ló rò pé òun ń bẹ̀.” Ó sì yí ojú ewé.

Ìyàwó rẹ̀ ló padà sọ ìdí rẹ̀ fún mi, nígbà tó wá pàdé rẹ̀ ní ilé iṣẹ́ wa. Alàgbà ní àbúrò kan, ọmọ ìyá rẹ̀, Ògúnlékè, tó ń gbé ní ilé bàbá wọn ní Ìlógbò, tó ń ṣe àgbẹ̀, tó sì ń bọ Ògún tí bàbá wọn fi sílẹ̀. Nígbà tí ìyá wọn kú, Alàgbà ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ìjọ rẹ̀, ẹ̀sìn náà sì ń gbóná lára rẹ̀. Wọ́n ní kó gbàdúrà níbi ìsìnkú. Ó wàásù dípò àdúrà. Lójú àwọn àna, ó wàásù nípa ọmọ tó jókòó ti irin bàbá rẹ̀ tó sì pè é ní ọlọ́run, ojú àbúrò rẹ̀ ló sì ń wò ní gbogbo ìgbà tó ń sọ ọ́. Ó búra pé ẹsẹ̀ òun ò ní tún kọjá Ògún tó wà lẹ́nu ọ̀nà yẹn. Láti ọjọ́ náà, wọn ò bára wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Àwọn ẹbí bá wọn dá sí i títí, ó sú wọn. Alàgbà ní àṣà ni pé àbúrò ló ń wá bẹ ẹ̀gbọ́n, ilẹ̀kùn òun ò sì tì.

“Ògúnlékè ti rọ lápá rọ lẹ́sẹ̀ láti ìgbà òjò,” ìyàwó rẹ̀ ní. “Ọwọ́ kan ló kù tó ń ṣiṣẹ́. Báwo ló ṣe fẹ́ wá bẹ̀ ẹ́?”

Inú bí mi gidigidi. Gbogbo ọdún tí mo ti ń jókòó ti bàbá yìí, ìjà ìdílé mélòó ni kò parí lórí fóònù? Ó ti bá àwọn ará Ìfàkì parí ìjà, ó ti bá akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì Ọ̀yẹ́ àti olólùfẹ́ rẹ̀ parí ìjà. Tirẹ̀ wà ní Ìlógbò, Alàgbà sì ń dúró kí arọ rìn wá bá òun. Èyí tí wọ́n ní kó wá kò lè dìde mọ́, èyí tó sì lè dìde, àgbà ni.

Lọ́dún náà, a tún dé ìpín Júdà. Alàgbà wọlé, kò jókòó.

“Dúpẹ́, ṣé a ò lè fo ti ọ̀sẹ̀ yìí? Ká kúkú bọ́ sí èyí tó tẹ̀lé e.”

“Bàbá, ibi tí a bá dé ni a dé,” mo ní. “A ka ẹ̀tẹ̀.”

Ó jókòó. Iná pupa tàn, a bẹ̀rẹ̀. Ó sọ ìtàn náà, ó sáré bó ṣe máa ń sáré, mo sì tún béèrè ìbéèrè mi nípa àgbà tó ń bẹ àbúrò. Ó tún ní Júdà ò mọ̀. A ṣí fóònù sílẹ̀. Ẹni àkọ́kọ́ tó wọlé, ohùn rẹ̀ wúwo, ó ń fa ọ̀rọ̀ bí ẹni tí ahọ́n rẹ̀ rọ.

“Ẹ kú uṣẹ́ o. Ulé mi ní Ìlógbò ni mo ti ń pè.”

“Ẹ ṣeun, bàbá. Ta ni à ń bá sọ̀rọ̀?”

“Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín mọ̀ mí.” Ó mí kanlẹ̀. “Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni mo ń gbọ́ ọn. Mo gbọ́ ohun tó sọ. Júdà ò mọ̀ pé àbúrò òun ni. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin mọ̀. Ẹsẹ̀ mi ìbá gbé mi, ǹ bá ti wá.”

Ó gé fóònù. Òfin àkọ́kọ́ nínú iṣẹ́ wa ni pé rédíò kì í dákẹ́. Bó bá dákẹ́, olùgbọ́ á rò pé iná ti lọ, á yí i sí ibòmíràn, máníjà á sì fi kúẹ́rì ránṣẹ́ sí ọ. Mo mọ òfin yìí ju orúkọ mi lọ. Mo wo Alàgbà, mo sì pa ẹnu mi dé. Ẹ̀rọ etí wà lórí rẹ̀, omi ń dà lójú rẹ̀ sórí ìwé tó ṣí sílẹ̀. Ó yọ ẹ̀rọ náà, ó gbé e kalẹ̀ jẹ́jẹ́, ó sì jáde. Láti ojú fèrèsé ni mo ti rí i tó ń fi ọwọ́ dá ọlọ́kadà dúró, òun tó máa ń wàásù pé ọ̀kadà kò yẹ àgbà.

Èmi ni wọ́n fi ìyókù ètò sílẹ̀ fún. N kì í ṣe olùkọ́ Tórà, n kò sì ní òye kankan láti fi kún un. Mo kàn ń sọ ìtàn náà lọ bí mo ṣe rántí rẹ̀. Mo ṣi orúkọ àwọn arákùnrin náà pè, mo kó ràkúnmí sí ibi tí kò ti sí, mo mú kí Jósẹ́fù sunkún lẹ́ẹ̀mejì kí àkókò lè tó. Máníjà dúró sí ẹ̀yìn gíláàsì, ó ń wò mí bí ẹni tó ń wo òkú. Kúẹ́rì rẹ̀ dé kí ọ̀sán tó pọ́n. Ó fẹ́ mọ ìdí tí rédíò fi dákẹ́, àti ibi tí àlejò mi lọ. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó lọ kí àbúrò rẹ̀. Wọn ò gba ìdáhùn náà, ó sì wà nínú fáìlì mi títí mo fi fẹ̀yìn tì.

Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀lé e ni Alàgbà sọ bó ṣe rí fún mi, ká tó bẹ̀rẹ̀. Ó ní gbogbo ọ̀rọ̀ tí òun tò sínú orí lórí ọ̀kadà ló fò lọ nígbà tí òun dé Ìlógbò, pé òun ti kọjá Ògún ẹnu ọ̀nà kí òun tó rántí pé òun ti búra. Àbúrò rẹ̀ wà lórí àga ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, rédíò wà lórí itan rẹ̀, ohùn mi ló ń jáde níbẹ̀. Alàgbà dúró síwájú rẹ̀. Ògúnlékè ò dúró de ẹ̀bẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jókòó,” ó ní. “Ẹ jẹ́ á gbọ́ ibi tó máa parí sí.”

Ó jókòó. Àwọn méjèèjì jọ gbọ́ mi dé òpin, ọwọ́ kan tó ṣì ń ṣiṣẹ́ lára àbúrò wà nínú ọwọ́ ẹ̀gbọ́n. Èmi tí mo wà ní Ìdó, mo rò pé kò sí ẹni tó ń gbọ́ mi.